Òjìji Afárá

Lẹ́yìn Ringebu, ní Nọ́wè, níbi tí ojú irin gba orí títì kọjá,
afárá kan wà tí kò ju afárá lọ.
Òkúta ni, ó ti darúgbó, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.
Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, lóṣù kejì, nígbà tí oòrùn bá ń rá sẹ́yìn òkè,
á na òjìji rẹ̀ sórí yìnyín
bí ẹni tẹ́ ẹní dúdú.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ mi ti figbe ta.
Iná pupa tàn níwájú mi, bẹ́líìtì gbá mi láyà mú,
báàgì abẹ́rẹ́ fò kúrò lórí ìjókòó,
ìgò oògùn Ìyá Oddny fọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi.
Mo wo iwájú.
Kò sí àgùntàn. Kò sí ọmọdé. Kò sí nǹkan kan.
Ẹ̀yìn mi ni nǹkan wà:
tírélà ẹlẹ́ja, fèrè rẹ̀ gùn ju ọ̀nà lọ.
Ìgbà tó fi máa dúró,
mo ti lè ka yìnyín tó so rọ̀ nímú rẹ̀.

Halvard mẹkáníìkì ki wáyà bọ̀ ọ́ nínú, ó wo kọ̀ǹpútà títí.
“Ara rẹ̀ le,” ó ní, “kò sóhun tó ń ṣe é.”
Ó fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà
bí ẹni ń nu ipin lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Mo sanwó. Mo dúpẹ́.
Lọ́jọ́bọ̀, ó tún rí i.

Ó rí i nínú páálí tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri.
Ó rí i lára màlúù tí wọ́n yà sẹ́yìn ọkọ̀ oníwàrà,
màlúù tó ń rẹ́rìn-ín!
Ejò kò bù ú ṣán rí,
kò tíì pé ọdún méjì láyé,
kí ló dé tó ń sá fún okùn?
Bọ́tìnì kan wà tí mo lè fi pa á lójú dé.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó sùn.
Kí n pa ẹ́ńjìnì, kí n tún un tàn,
ó ti lajú sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń ṣọ́ mi.

Mo sọ fún Bàbá Sjur bí mo ṣe ń di egbò ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Ẹṣin bàbá mi nìyẹn! Bí ìyá mi bá sáṣọ, á tagìrì.
Bí ẹ̀ka bá ṣẹ́ nínú igbó, á tagìrì.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló da igi ìdáná wa sódò.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí adágún tó ti dì, ó dúró gbagidi.
Bàbá mi fa ìjánu, ó nà án, ó bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, a rí i: yìnyín iwájú kò nípọn ju àwo ọbẹ̀ lọ.”

Mo ní, “Ṣé ó ti mọ̀ ni?”

“Kí ló fẹ́ mọ̀? Ẹ̀rù ló ń bà á.
Ẹni tó ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan,
lọ́jọ́ kan ṣá, á bẹ̀rù èyí tó tọ́.
Má so ó le jù, ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Halvard.
Ó yá mi ní ti ìyá rẹ̀, ògbólógbòó Volvo,
kò lójú, kò létí,
kò mọ̀ ju kó mu epo kó sì máa lọ.
Inú mi dùn. Mo tan rédíò.
Agogo mẹ́rin lù. Afárá. Ẹní dúdú lórí yìnyín.
Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò bi mí léèrè.

Ọkọ̀ fì, ó yọ̀, ó dúró láàárín òjìji.
Mo wo dígí ẹ̀yìn: títì ṣófo dé ìsàlẹ̀ àfonífojì.
Mo sọ gíláàsì wálẹ̀.
Omi ń kán lára òkúta afárá, ó ń kán,
ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí bíréèkì.